Ọwọ́ Nínú Òrí, Ẹ̀rí Lẹ́nu

Ọ̀nà ọlọ́dà tó ti Kútọnu lọ sí Paraku ni ẹni tó bá ń lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́ máa gbà. Ẹ ó kọjá Alada, ẹ ó kọjá Bohikọ́n, níbi tí Fọ̀n ti gbòde lẹ́nu àwọn ọlọ́jà, lẹ́yìn náà ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Ọ̀pẹ á dínkù. Igi òrí àti igi kajú á gba ipò rẹ̀, òkúta dúdú ńláńlá á máa yọrí láàrin oko iṣu. Bí ọkọ̀ bá dúró ní Ìdáàṣà, Yorùbá ni àwọn ọmọbìnrin tó ru ẹ̀pà àti omi inú ọ̀rá máa fi dá yín lóhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Faransé ni wọ́n kọ́kọ́ fi ké sí yín.

Mo sọ̀kalẹ̀ ní Ìdáàṣà, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn obìnrin tí mo ń lọ bá fẹ́ lọ. Òkè 41 ni wọ́n máa ń kà mọ́ ìlú náà, ọ̀kan nínú wọn sì ni Arigbo. Abẹ́ àpáta rẹ̀ ni ìjọ Àgùdà ti ń bọlá fún Màríà Wúndíá láti 1954, ọdún tí Póòpù Pius Kejìlá yà sọ́tọ̀ fún Màríà káàkiri ayé. Ní oṣù Kẹjọ ọdọọdún, nítòsí àjọ̀dún Ìgbàsókè Màríà, èrò a máa rọ́ lọ síbẹ̀ láti gbogbo Bẹ̀nẹ̀, láti Tógò àti láti Nàìjíríà. Àwọn kan á sùn síta, àwọn kan á gun òkè lórí eékún. Ṣùgbọ́n oṣù Keje ni mo dé ibẹ̀. Obìnrin mẹ́ta péré ló jókòó síwájú ihò àpáta náà, ọ̀kan nínú wọn ti sùn lọ, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀.

Èmi kì í ṣe ọmọ ìjọ Àgùdà. Inú ìjọ Áńgílíkà ní Ìbàdàn ni wọ́n ti tọ́ mi, wọ́n sì tọ́ mi láti máa fura sí ère. Àbúrò ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Kékeré, ló ránṣẹ́ pè mí. Ó ti lọ́kọ sí Ṣábẹ̀ẹ́ láti ìgbà tí mo ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì ti gbé ìwà àwọn ará ibẹ̀ wọ̀ tán: Faransé ló fi ń bínú, Yorùbá ló fi ń gbàdúrà. Òun àti àwọn ìyá ìjọ wọn ní Ofè, tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́, fẹ́ ṣe ìpàgọ́ àdúrà kí wọ́n tó lọ sí Arigbo. Wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á jẹ́rìí, wọ́n á sì fi ọwọ́ ṣe ohun tí wọ́n máa tà láti fi wá owó ọkọ̀. “Wá wò wá,” ó ní, “ṣùgbọ́n má wọ bàtà gidi wá o.”

Láti Ìdáàṣà, mo wọkọ̀ lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́. Òkè ló máa ń kọ́kọ́ kí àlejò níbẹ̀. Àwọn Faransé fi àwọn àpáta yẹn wé ọmú obìnrin, orúkọ náà sì mọ́ wọn lára débi pé ó wọ inú ìwé àwọn arìnrìnàjò-afẹ́. Àwọn ọmọ onílùú kò fi í ṣe àwàdà: àárín àpáta wọ̀nyẹn ni àwọn baba wọn sá sí nígbà tí ogun Dàhómì ń kó wọn. Nínú ìtàn tí Samuel Johnson kọ sílẹ̀, nígbà tí wọ́n pín ogún ní ìdílé Odùduwà, ìlẹ̀kẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Olúpópó, aṣọ bọ́ sọ́wọ́ Olówu, màlúù sì ni wọ́n fún Oníṣábẹ̀ẹ́. Màlúù ṣì pọ̀ níbẹ̀ lónìí, àmọ́ ọ̀dọ̀ àwọn Fúlàní ni ẹ ti máa rí i. Ojú irin tí wọ́n là láti Kútọnu parí sí Ṣábẹ̀ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó dé Paraku ní 1936. Koríko ló ń hù lórí rẹ̀ báyìí. Ilé iṣẹ́ ṣúgà tí Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà jọ dá sílẹ̀ ní 1975 náà wà níbẹ̀. N kò dúró wo èyíkéyìí nínú wọn pẹ́, torí òjò ti ṣú, ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zémidjan sì ti ń pariwo pé bí ọ̀nà Ofè bá rọ̀, òun ò ní gbé ẹnikẹ́ni lọ mọ́.

Ilẹ̀ pupa ni ọ̀nà náà, kòtò rẹ̀ sì kún. Nígbà tí a fi máa dé ilé ìjọsìn, mo ti mọ ìdí tí Màmá Kékeré fi sọ̀rọ̀ bàtà.

Àlùfáà wá ní òwúrọ̀, ó ṣe Mísà, ó súre fún wọn, ó gun alùpùpù rẹ̀ lọ. Àwọn obìnrin ló ni ìyókù. Ìpàgọ́ tí mo mọ̀ ní Ìbàdàn, orí àga ike nínú gbọ̀ngàn ni. Olùkọ́ni á to kókó ọ̀rọ̀ sára bọ́ọ̀dù, a ó dà á kọ, a ó jẹ ìrẹsì, a ó lọ sílé. Ní Ofè, abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n tẹ́ ẹní sí. Abọ́ ńlá mẹ́rin ló wà nílẹ̀, garawa omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, òrí tí wọ́n ti lọ̀ wà nínú ọpọ́n, ó dúdú, ó ki, òórùn èéfín ń ti inú rẹ̀ jáde. Wọ́n fún mi ní ìró àtijọ́ kan kí n lọ́ mọ́ra, wọ́n sì ní kí n bọ́ aago ọwọ́ mi.

Òrí kì í yá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Igi rẹ̀ lè lò tó ọdún 15 sí 20 kó tó so, kò sì wọ́pọ̀ kéèyàn gbìn ín bí ẹni gbin kajú. Igbó ló ń hù ú, àgbẹ̀ tó bá ń ṣán oko á dá a sí. Bó bá ti ń já bọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, àwọn obìnrin á jí lọ ṣà á ní ìdájí, pẹ̀lú ìbẹ̀rù ejò, torí ẹni tó bá pẹ́ kò ní bá nǹkan kan nílẹ̀. Wọ́n á jẹ ẹran ara èso náà, wọ́n á bọ kóró rẹ̀, wọ́n á sá a, wọ́n á pa á, wọ́n á yan án, wọ́n á gbé e lọ fún ẹlẹ́rọ. Gbogbo ìyẹn ti kọjá kí n tó dé. Èyí tó kù ni pípò, òun ló sì le jù. Wọ́n á máa bu omi sí i díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa fi ọwọ́ lù ú, wọ́n á máa rò ó yípo, ọwọ́ kò sì gbọdọ̀ dúró. Bí omi bá pọ̀ jù, ó bàjẹ́. Bí ọwọ́ bá dúró ṣáájú àsìkò, ó bàjẹ́. Tó bá yá, àwọ̀ dúdú yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, á pọ́n, á wá funfun, ọ̀rá á sì léfòó. Ẹnì kan ò lè dá a ṣe tán, apá á ro ó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń jókòó yí abọ́ kan ká: bí apá ẹnì kan bá rọ, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á ti ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ìdí abọ́ ni ẹ̀rí ti bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kéde pé àsìkò ti tó.

Ìyá kan tí ọwọ́ rẹ̀ le bí ọmọ odó ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kò sì gbójú sókè. Ó ní ọmọ òun ọkùnrin gba ọ̀nà Ṣakí wọ Nàìjíríà, ó ní òun ń lọ wá iṣẹ́ bíríkìlà. Nọ́mbà fóònù rẹ̀ kò wọlé mọ́. Ó ní àwọn ọjọ́ kan wà tí òun á kúnlẹ̀ gbàdúrà fún un, àwọn ọjọ́ kan sì wà tí òun á kúnlẹ̀ tán, òun á máa bá Ọlọ́run jà. Mo ń retí kí ẹnì kan sọ pé “yóò dára” tàbí kó ka ẹsẹ Bíbélì. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀ wo inú abọ́, ó ní, “Má dúró, ó ti ń ṣí.” Ìyá náà sì ń pò ó lọ, ó ń sọ̀rọ̀ lọ, ó sọ irú ọbẹ̀ tí ọmọ náà fẹ́ràn, ó sọ ẹ̀wù tó wọ̀ ní ọjọ́ tó lọ.

Òmíràn jẹ́ opó tó ti dàgbà. Ìyàwó kejì lòun lójú ayé ọkọ rẹ̀, ìjọ Àgùdà kì í sì í ṣe ìrìbọmi fún ẹni tó wà nínú irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ àyàfi tó bá fi í sílẹ̀. Kò fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ márùn-ún wà láàrin wọn. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jókòó sí kíláàsì àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìrìbọmi, tí àwọn tí ó lè bí ń kọjá lára rẹ̀ lọ síbi pẹpẹ. “Èmi ni mò ń fọ aṣọ tábílì Olúwa,” ó ní, “mi ò sì tíì jẹun níbẹ̀ rí.” Ọkọ ti kú nísinsìnyí, ọ̀nà ti là, Àjíǹde tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣe ìrìbọmi fún un. Ó sọ ìyẹn náà, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ bí ẹni tó ṣẹ́gun. Ó ní òun kò mọ̀ bóyá òun lè bá Ọlọ́run yọ̀ lórí ohun tí ikú ọkọ òun ló ṣílẹ̀kùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí gbé mi mì. N kò tíì gbọ́ ìwàásù tó já a.

Nígbà tó di alẹ́, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n gbé máíkì dé, wọ́n sì kéde àkókò ẹ̀rí. Ẹ̀rí tí gbogbo wa mọ̀ ni wọ́n jẹ́: ẹni tí ara rẹ̀ yá, ẹni tó bímọ, ẹni tí ọmọ rẹ̀ yege ìdánwò àṣejáde tí wọ́n ń pè ní bac, ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ẹ̀ dànù mọ́. Lẹ́yìn ẹyọ kọ̀ọ̀kan, Alelúyà, orin, ijó. Èmi náà jó. Ìyá ọlọ́mọ Nàìjíríà dìde, ó gba máíkì, ó dúpẹ́ pé ewúrẹ́ rẹ̀ tó sọnù ti padà wálé. Kò dárúkọ ọmọ rẹ̀. Mi ò rò pé ó purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Máíkì ló fẹ́ ìtàn tó ti lópin, tirẹ̀ kò sì tíì lópin. Abọ́ òrí kì í béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni. Ọwọ́ tó níṣẹ́ ń fún ẹnu láàyè, ojú tó ń wo abọ́ kì í ka ìrísí ojú ẹlòmíràn, bí ọ̀rọ̀ bá sì dá dúró lójijì, iṣẹ́ wà nílẹ̀ tó máa kún ibẹ̀. Mo ti ń lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ láti kékeré, owó máíkì la sì máa ń kọ́kọ́ dá.

Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì mọ̀ nípa èyí. Nígbà tí Dọ́káàsì kú ní Jọ́pà, tí Pétérù dé, àwọn opó kò wàásù fún un. Wọ́n dúró tì í, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń fi ẹ̀wù àti aṣọ tí obìnrin náà rán fún wọn hàn án. Aṣọ ni ẹ̀rí wọn. Ẹgbẹ́ Dọ́káàsì wà ní ọ̀pọ̀ ìjọ ní ilẹ̀ Yorùbá, àmọ́ nínú èyí tí mo mọ̀, aṣọ àǹkóò ni wọ́n ń rà, wọn kì í rán an.

Lóòótọ́, iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹ̀sìn Kristi jọ wọ ilẹ̀ wa ni. Anna Hinderer dé Ìbàdàn ní 1853, nílé rẹ̀ ní Kúdẹtì ni àwọn ọmọ ti ń kọ́ ìwé, tí wọ́n sì ń kọ́ abẹ́rẹ́. Àwọn Sístà Ìyá Wa ti Àwọn Àpọ́sítélì, tí Augustin Planque dá sílẹ̀ ní Lyon ní 1876, gbé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ wá sí etíkun wa. Nǹkan dáadáa ni, ìyá àgbà mi jẹun nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣà kan tẹ̀ lé e tí kò tíì tán: pé iṣẹ́ ọwọ́ tó yẹ obìnrin onígbàgbọ́, láti òde ló gbọ́dọ̀ ti wá. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀dọ́bìnrin kan wá láti ìgboro Ṣábẹ̀ẹ́ láti kọ́ wọn ní àpò onílẹ̀kẹ̀ ṣíṣe. Ó mọ iṣẹ́ náà, ó sì ní sùúrù. Àmọ́ okùn rẹ̀ ti Kútọnu wá, ìlẹ̀kẹ̀ oníke rẹ̀ ti Ṣáínà wá, kò sì sẹ́ni tó máa ra àpò bẹ́ẹ̀ ní Ofè. Àwọn ìyá náà kọ́ ọ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Nígbà tó lọ, wọ́n kó ìlẹ̀kẹ̀ náà jọ, wọ́n ní àwọn á fi ṣe rósárì.

Rósárì ṣíṣe dùn ún wò. Ìlẹ̀kẹ̀ 59 ló ń lọ sí ẹyọ kan, 53 fún Ẹ kú Màríà, 6 fún Bàbá Wa, wọ́n sì ń ta kókó sáàárín wọn kí wọ́n má bàa sún. Ẹni tó ta kókó tó fínjú jù níbẹ̀ kì í ṣe onígbàgbọ́ rárá. Ìyàwó Mùsùlùmí kan ni, ilé rẹ̀ kọjú sí ilé ìjọsìn, ó ti pẹ́ tó ti ń sin tẹ̀sùbáà fún àwọn alátẹ ní ọjà Ṣábẹ̀ẹ́. Ó wá kí wọn, ó rí i pé kókó wọn ń tú, ó jókòó. “33 ni tiwa,” ó ní, “tàbí 99. Ẹ̀yin lẹ mọ bí tiyín ṣe rí, ẹ máa kà á fún mi.” Wọ́n ń kà á fún un. Ó ń sin ín.

Ìjà tó le jù nínú ìpàgọ́ náà, orí òrí ló ti bẹ́. Ọmọge kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kútọnu dé, tó ti bá ẹgbẹ́ àdúrà kan rìn níbẹ̀, béèrè bóyá ó tọ́ kí wọ́n máa ta òrí fún àwọn abọ̀rìṣà. Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé òrí wà lára ohun tí wọ́n fi ń bọ Ọbàtálá, pé Ṣábẹ̀ẹ́ kún fún ojúbọ, àti pé àwọn oníbàárà kan kò fi ibi tí wọ́n ń gbé e lọ pa mọ́. Àwọn kan gbè é lẹ́yìn. Wọ́n ní owó bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní owó ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Màríà.

Opó yẹn ló dá a lóhùn. Ó ní, “Ṣé o máa bi ẹni tó ń ra iyọ̀ léèrè ibi tó ń gbé e lọ?” Ọmọge náà ní iyọ̀ yàtọ̀. Opó ní, “Ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi ní òrí pípò. Ọlọ́bàtálá ni, orí ẹ̀ ló kú sí. Ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń lò níbí yìí. Tó bá jẹ́ pé òrí náà ti bàjẹ́, ọwọ́ náà ló ti bàjẹ́, kí ẹ bá mi gé e.” Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Kátíkíìsì, ọkùnrin kan ṣoṣo tó wà nítòsí, ṣe bí ẹni tó ń tún okùn jẹnẹrétọ̀ so. Ọ̀dọ̀ opó ni èmi wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òrí kan náà ni wọ́n ń fi pa ọmọ tuntun lára ní ilé àáfáà, ilé olórìṣà àti ilé kátíkíìsì. Síbẹ̀ mo gba ti ọmọge náà pé ó béèrè; nínú ọ̀pọ̀ ìjọ wa, a ò ní béèrè, a ó kàn máa tà á ní kọ̀rọ̀.

Ìgbà tí wọ́n se òrí náà tán, tí wọ́n sẹ́ ẹ, tí ó dì, ọ̀rọ̀ di ti owó. Oníṣòwò kan wà tó máa ń fi ọkọ̀ wá láti Glazoué, níbi tí ọjà ńlá wà, ó máa ń ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á sì sanwó lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan ní kí wọ́n tà á fún un kí ọkàn wọn balẹ̀. Àwọn kan ní kí wọ́n bù ú sínú agolo kéékèèké, kí wọ́n gbé e lọ sí Arigbo, kí wọ́n tà á fún àwọn arìnrìnàjò. Mo sọ fún wọn pé ibi tí òrí tó ń kúrò nílẹ̀ wa ń lọ jìnnà: láti 2000 ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti gbà kí àwọn tó ń ṣe ṣokoléètì fi òrí àti ọ̀rá igi mélòó kan mìíràn sí i, bí kò bá ti ju ìdá 5 nínú 100 lọ. Mo rò pé wọ́n á yọ̀. Ìyá ọlọ́mọ Nàìjíríà wò mí, ó ní, “Wọ́n ń jẹ ẹ́?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Wọ́n sì ń rà á ní iye tí wọ́n ń rà á lọ́wọ́ wa yìí?”

Akápò ṣí ìwé rẹ̀. Ó ti ṣírò owó ọkọ̀, ó ti ṣírò àbẹ́là, ó ti ṣírò owó tí wọ́n máa fún ìyá kan tí awọ funfun ti bo ojú rẹ̀ kó lè dé ilé ìwòsàn, ó sì ti fàlà sí abẹ́ gbogbo rẹ̀. Òrí tí wọ́n bá tà fún ará Glazoué kò ní kárí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹnì kan ní kí ojú ṣáájú, Arigbo kò ní sá lọ. Ẹlòmíràn ní ìyá náà gan-an ló fẹ́ràn kí wọ́n gbé òun dé Arigbo ju ilé ìwòsàn lọ. Wọ́n bi ìyá náà. Ó ní òun fẹ́ méjèèjì.

Màmá Kékeré bá yíjú sí mi. “Ìwọ tó ń gbé Ìbàdàn, èló ni agolo kan ní Bódìjà?”

Mo sọ iye tí mo rà á kẹ́yìn. Ẹnì kan ṣẹ́ ẹ sí owó sẹ̀ẹ̀fà lórí fóònù. Ariwo ta. Ọmọge ará Kútọnu ló kọ́kọ́ béèrè iye tí ọkọ̀ ń gbà láti Ṣábẹ̀ẹ́ dé Ṣakí, opó béèrè bóyá àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù máa jẹ́ kí agbọ̀n márùn-ún kọjá, ìyá ọlọ́mọ Nàìjíríà ní bí ẹnikẹ́ni bá ń lọ, òun á tẹ̀ lé e. Akápò fa ìlà gba inú ìṣírò rẹ̀ kọjá, ó ṣí ojú ewé tuntun, ó ní kí a tún sọ iye ti Bódìjà, kí a sọ ọ́ pẹ̀lẹ́.